Omi Lítà Méjì Nílé Ọmọ Ibú

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ jókòó ti ìwé yìí, mo kí yín tọkàntọkàn. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó ọjọ́. Bí ife omi kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bí ẹ ti ń kàwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e sókè ná, kí ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó dá a, nítorí mo ti gbé níbi tí a ti ń jà nítorí irú ife bẹ́ẹ̀. Inú ló bí mi tí mo fi mú gègé. Ṣùgbọ́n mo ti gbàdúrà kí inú bíbí náà má ba ìtàn jẹ́.

Ní Mutondo, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Zimbabwe, ẹ̀rọ omi wà ní gbogbo àgbàlá. Ilé iṣẹ́ omi ìlú kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Omi nìkan ni kò sí nínú ẹ̀rọ náà. Afẹ́fẹ́ ló ń ti ibẹ̀ jáde. A máa súfèé láàárọ̀ bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn, mítà tí wọ́n rì mọ́ ẹnu ọ̀nà a sì máa yí bí afẹ́fẹ́ náà ti ń kọjá. Àwọn èèyàn wa ní omi kò lọ́tàá. Ní Mutondo, omi kò ní ọ̀rẹ́ náà, nítorí kì í yà sílé ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kẹwàá, nígbà tí ooru mú jù, àrùn onígbáméjì wọ ìlú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Sekesai pọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mufaro, ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sáré gbé e lọ sí àgọ́ tí wọ́n pa sẹ́yìn ilé ìwòsàn. Láti ìgbà tí àkùkọ ti kọ ni ọmọ náà ti ń ṣu omi lásán.

Nọ́ọ̀sì fi ìka méjì fa awọ ikùn ọmọ náà, ó wo bí ó ti ń padà.

“Mai Mufaro, kò tíì burú,” ó wí, nítorí ‘mai’ ni ìyá lọ́dọ̀ wọn. “Bẹ́ẹ̀dì ti kún, ìyẹ̀fun tí à ń pò fún wọn sì ti tán. Padà sílé. Omi sísè lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí. Gé orí ṣíbí ẹ̀ pẹlẹbẹ, má jẹ́ kó ga. Máa fún un díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì í, sinmi díẹ̀, kó o tún bẹ̀rẹ̀. Kó o tó fún un, kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bó bá níyọ̀ jù, á tún gbẹ omi ara ẹ̀ ni.”

“Mo gbọ́, Sístà.”

“Bí ò bá tọ̀ kí oòrùn tó wọ̀, gbé e padà wá kíá. Má dúró de ẹnikẹ́ni.”

“Omi ńkọ́, Sístà?”

Nọ́ọ̀sì náà wò ó. Ó pe ẹni tó kàn.

Ibi kànga ẹlẹ́rọ, èyí tí a ń fi ọwọ́ fà, ni Sekesai gbà lọ. Níbẹ̀, ènìyàn kì í tò, bíríkì ní ń tò. Oníkálukú ní bíríkì tirẹ̀ tí ó fi àmì sí, yóò gbé e sórí ìlà, yóò sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bíríkì Sekesai ní àmì ẹja, ó sì ti wà nítòsí ẹnu ẹ̀rọ láti àná. Nígbà tí ó dé, ó bá a ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ìdọ̀tí. Ibi tí ó ti kúrò, bíríkì Mai Garikai, aládùúgbò rẹ̀, ló wà níbẹ̀.

“Mai Garikai, ta ló gbé bíríkì mi?”

“Èmi? Mo ń ṣọ́ bíríkì ni? Bóyá ó lọ ṣeré.”

“Mo gbé ọmọ lọ sọ́sibítù ni o.”

“Ṣé bíríkì lo gbé lọ? Bíríkì tó o fi sílẹ̀, ó yẹ kó bá ẹ dáhùn nígbà tá a pe orúkọ.”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, “Ẹ wo ìyàwó ilé Dziva! Ẹja ń sunkún òùngbẹ!”

Mo ní láti sọ èyí kí ẹ lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Oríkì ìdílé ọkọ Sekesai ni Dziva, èyí ni Ibú Omi. Wọn kì í jẹ ẹja nílé wọn, nítorí ọmọ ìyá wọn ni. Bí wọ́n bá sì fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin ilé náà, oríkì yìí ni wọn yóò fi kì í, orí rẹ̀ yóò sì wú. Ilé Ibú ni wọ́n, omijé sì ti bọ́ lójú Sekesai lẹ́bàá kànga nítorí garawa omi kan.

Ìyá àgbà kan ló ṣàánú rẹ̀ tí ó jẹ́ kí ó gba ipò tirẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún ni Sekesai gbé wá. Bí ó ti kún tán, tí Mai Garikai ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa tirẹ̀, ni ẹ̀wọ̀n inú ẹ̀rọ náà já. Ọwọ́ ẹ̀rọ rọ̀ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Lẹ́yìn náà ni Mai Garikai wo garawa rẹ̀ tí kò kún dé ìdajì, ó wo kẹ́ẹ̀gì Sekesai, ó ní, “Ibú ti mu tiẹ̀ tán.”

Nílé, ọkọ rẹ̀, Baba Mufaro, jókòó sórí àga. Olùkọ́ ni. Wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́ nítorí àrùn náà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí a ti ń sọ lítà di mìlílítà, tí wọ́n ń ké e bí orin títí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n: ẹgbẹ̀rún mìlílítà ni lítà kan. Kò sí ọmọ kan nínú wọn tí ó tíì rí ẹgbẹ̀rún náà lójú kan nínú ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún.

Sekesai pín lítà márùn-ún náà. Ó fi díẹ̀ nu ọmọ lára, ó fi díẹ̀ fọ ọwọ́ rẹ̀ àti ibi tí ọmọ náà bà jẹ́, ó fi díẹ̀ se ògì àgbàdo kí ó lè rí omi rẹ̀ fún ọmọ ní ṣíbí ṣíbí. Lítà méjì tí ó kù ló sè lórí iná igi níta, ó hó dáadáa, ó sì rọ ọ́ sínú ìgò oníke ńlá kan, ó gbé e sójú fèrèsé kí ó tutù.

Ìgbà náà ni Ambuya, ìyá ọkọ rẹ̀, dá sí i láti orí ẹní rẹ̀.

“Ìgò wo nìyẹn?”

“Ìgò lítà méjì ni, Ambuya.”

“Ìgò omi ọsàn onígíláàsì la máa ń lò. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin mìlílítà ó lé àádọ́ta. Ṣúgà mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì. Ọmọ méje ni mo fi là já.”

“Sístà ní lítà kan.”

“Sístà yẹn, ọmọ mélòó ló bí?”

“Màmá,” Baba Mufaro wí, ó sì tún ìjókòó rẹ̀ ṣe bí ẹni tí ó wà níwájú pátákó. “Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgò yín àti ti Sístà, igba mìlílítà ó lé àádọ́ta ni. Ìdámẹ́rin lítà. Kò tó nǹkan tó lè pa ọmọ.”

“Ìdámẹ́rin yẹn, bù ú wá kí n mu,” Ambuya wí. “Òùngbẹ ń gbẹ mí.”

Sekesai tẹ̀ lé ti nọ́ọ̀sì, ó sọ ọ́ di méjì nítorí lítà méjì: ṣúgà ṣíbí méjìlá, iyọ̀ ṣíbí kan. Ó kó wọn sínú abọ́ kékeré kan, ó fi àwo dé e nítorí èèrà, ó wọlé lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó ń dúró kí omi tutù.

Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin ìjọ fi dé, márùn-ún, nínú aṣọ ìjọ wọn, Mai Tavengwa ló ṣáájú wọn. Wọ́n gbọ́ pé ọmọ ń ṣàìsàn, wọn kò sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Mo fẹ́ràn àwọn obìnrin yìí, kí ẹ má baà rò pé mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà. Mai Tavengwa tilẹ̀ bẹ Olúwa tí ó bèèrè omi lọ́wọ́ obìnrin lẹ́bàá kànga pé kí Ó rántí pé òùngbẹ ti gbẹ Òun náà rí. Ó wọ̀ wọ́n lára. Ambuya sunkún, ó fi aṣọ bo ojú.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ náà, àlejò kì í wọlé kó jáde ní ẹnu gbígbẹ. Ẹ̀pà sísè kan wà nínú ìkòkò láti àná. Baba Mufaro gbé e síwájú wọn. A kò sì lè jẹ ẹ̀pà láìfọ ọwọ́, pàápàá nínú irú àkókò yẹn. Láyé àtijọ́, abọ́ kan ni gbogbo èèyàn máa ń ki ọwọ́ bọ̀. Àwọn oníṣègùn ti gbé gbohùngbohùn káàkiri ìlú pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́: omi tó mọ́ ni kí a máa dà sí oníkálukú lọ́wọ́. Baba Mufaro jẹ́ ẹni tí í pa òfin mọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí ìgò Sekesai lójú fèrèsé, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì ní lọ́kàn rẹ̀ pé bí òun bá bù díẹ̀, kò tó nǹkan.

Ó kúnlẹ̀ níwájú Mai Tavengwa bí ọmọ gidi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á.

“Háà! Ẹ ṣeun, Dziva!” ni Mai Tavengwa wí, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. “Ibú tí kì í gbẹ!”

Ó tún dà sí i.

“Ẹ ṣeun, ọmọ Ibú!” ni ìkejì wí. “Ilé yín ò ní gbẹ láéláé!”

Ta ni wọn yóò máa kì báyẹn tí yóò dá ọwọ́ dúró? Ó dà á bí ọlọ́lá. Ìyá kan ní díẹ̀ ló tó, ó ní, “Rárá, Mai, ẹ fọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.” Nígbà tí ó kan ẹni ìkarùn-ún, Mai Tavengwa ti ń bó ẹ̀pà, ó sì ní, “Òótọ́ lọ̀rọ̀ àwọn àgbà: ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.”

Ilẹ̀ tutù lóòótọ́.

Láti inú yàrá, ọmọ náà bì. Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Sekesai ké sí ọkọ rẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún pé, “Baba Mufaro! Da ṣúgà àti iyọ̀ inú abọ́ yẹn sínú ìgò, mì í dáadáa, kó o gbé e wá! Omi yẹn á ti tutù báyìí!”

Baba Mufaro wo ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdajì lítà ló kù nínú rẹ̀. Ó la ẹnu. Àwọn ìyá márùn-ún náà ń wò ó, ọwọ́ wọn ń dán. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó sọ kò gùn rárá, ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní lè sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Ó ṣí abọ́, ó da gbogbo rẹ̀ sínú ìgò, ó mì í, ó fi ọwọ́ bo ara ìgò náà bí ẹni tí ó ń gbé ohun gbígbóná, ó sì gbé e wọlé.

Yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀. Sekesai rọ díẹ̀ sínú ṣíbí, ó sì kọ́kọ́ fi kan ẹnu ara rẹ̀. Ó ti sunkún tó láàárọ̀ ọjọ́ náà láti mọ bí omijé ti rí lẹ́nu.

Ó gbé ṣíbí náà sílẹ̀. Ó gbé ìgò sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

“Baba Mufaro, lítà mélòó ló wà nínú ìgò yìí?”

Baba Mufaro bẹ̀rẹ̀, ó ń tún etí ẹní ọmọ náà ṣe.

“Olùkọ́, ìwọ ni mò ń bi.”

Ambuya ti wọlé. Ó gba ṣíbí, ó tọ́ ọ wò, ó sì tu ú sí àtẹ́lẹwọ́. “Èyí ti kọjá omijé,” ó wí. “Òkun ni.”

Àwọn obìnrin ìjọ ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Mai Tavengwa, ẹni tí kì í wá òwe tì, fẹ́ tu ilé náà nínú. Ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀yin èèyàn mi. Omi ló dànù…”

“Mai Tavengwa.” Ambuya kò gbé ohùn sókè. “Ẹ má parí òwe yẹn nílé yìí.”

Kò parí rẹ̀. Gbogbo wọn wo ọwọ́ ara wọn. Ọwọ́ náà mọ́ tónítóní.

Baba Mufaro sọ̀rọ̀. “Lítà méjì ló yẹ kó jẹ́, ẹgbàá mìlílítà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló wà níbẹ̀. Bá a bá fi lítà kan àbọ̀ kún un, á pé. Kò sóhun tó bà jẹ́.”

“Ìṣirò ẹ tọ̀nà,” Ambuya wí. “Fi ìṣirò náà kún un.”

Sekesai jáde, ó lọ sọ́dọ̀ Mai Garikai. Kò bèèrè pẹ̀lú ẹnu, ìgò ló nà sí i. Mai Garikai wo ìgò, ó wo ojú rẹ̀, kò sì fi í ṣẹlẹ́yà. Ó wọlé, ó gbé garawa rẹ̀ jáde, ó dojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Èrúpẹ̀ kò tilẹ̀ yí àwọ̀ padà.

“Òkèlè sadza ni mo fi rò fáwọn ọmọ,” ó wí. “Ká ní mo mọ̀ ni.” Ó sì tẹ̀ lé e padà sílé.

Sekesai wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀, àwọn yòókù sì wà lójúde nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan dé pẹ̀lú fìlà ilé iṣẹ́ omi lórí àti báàgì léjìká.

“Ẹ kú ọ̀sán o. Mítà ni mo wá wò.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú mítà.

“Yúnìtì mẹ́rìnlá lóṣù yìí.”

Baba Mufaro kò lè mú un mọ́ra. “Yúnìtì kan, ẹgbẹ̀rún lítà ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà.”

“Ẹgbàá méje lítà nìyẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni.”

“Ọmọ mi,” Ambuya wí, “jọ̀ọ́, níbo la kó o sí? Bóyá mo ti sùn lé e lórí.”

“Ambuya, mítà kì í purọ́. Ohun tó bá gba inú ẹ̀ kọjá ló ń kà.”

“Afẹ́fẹ́ ni.”

“Mítà ò mọ afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sómi.” Ó na ẹ̀yìn, ó nu òógùn. Ooru ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ó ki ọwọ́ bọ inú báàgì, ó sì mú ìgò omi kan jáde, omi tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù, ìdérí rẹ̀ kò tíì já. Lítà kan àbọ̀ ni, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ara rẹ̀.

Ó fẹ́ já a. Ó rí i pé gbogbo ojú ló wà lára ìgò náà.

“Omi wo nìyẹn?” Ambuya béèrè.

“Omi tèmi ni.”

“Kì í ṣe ti ẹ̀rọ ọ́fíìsì yín?”

“Háà, Ambuya! Ta ló lè mu ìyẹn?”

Bí ó ti sọ ọ́ tán ni etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó wo fìlà rẹ̀ tí ó ti bọ́ sọ́wọ́. Sekesai ti inú ilé jáde, ó gbé ọmọ dání. Orí ọmọ náà fẹ̀yìn tì í láyà, ètè rẹ̀ bó. Kò bẹ ọkùnrin náà. Ó kàn dúró níwájú rẹ̀ ni.

Ọ̀dọ́kùnrin náà na ìgò sí i.

Ó gbà á, kò dúpẹ́ ná. Ó kọ́kọ́ já a, ó sì rọra tú u sínú ìgò ńlá náà títí ó fi kún dé ọrùn, ó mì í, ó tọ́ ọ wò. Gbogbo ilé ń wo ẹnu rẹ̀.

“Omijé ni,” ó wí.

Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ náà ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan.

“Ọmọ mi,” Ambuya sọ fún oníṣẹ́ omi, “Ọlọ́run á san án fún ẹ. Láti òjò èṣí, èyí ni omi àkọ́kọ́ tí ọ́fíìsì yín máa gbé wọ ilé yìí. Ṣé o máa kọ ọ́ sílẹ̀?”

“Kò gba inú mítà, Ambuya.”

“Ó dáa. Yọ ọ́ nínú ẹgbàá méje.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí ojú ń tì. Ó sì kọ mẹ́rìnlá. Ambuya fún un ní ẹ̀pà ìkúnwọ́ kan, nítorí àlejò ni, kò sì gbọdọ̀ jáde ní ẹnu gbígbẹ. Ó ń jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà nínú oòrùn, láìfọ ọwọ́.

Ọ̀sán náà gùn. Ọmọ náà bì lẹ́ẹ̀kan, ìyá rẹ̀ sinmi díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ kò lọ. Wọn kò kọrin mọ́, wọ́n ń bá wọn lé eṣinṣin. Baba Mufaro kó èèpo ẹ̀pà, ó gbá ilé, ó sì wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aya rẹ̀. Ó na ọwọ́ fún ṣíbí. Sekesai kò gbé e fún un. Ó pẹ́ kí ó tó gbé e fún un.

Mai Garikai jáde lọ, ó sì padà wá. “Mo ti gbé bíríkì ẹ síwájú,” ó wí. “Òun ni àkọ́kọ́ báyìí.”

“Iwájú kànga tó bà jẹ́?” Ambuya béèrè.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ambuya. Ohun tí mo ní náà nìyẹn.”

Oòrùn ń lọ sílẹ̀. Ó pọ́n lára ògiri, ó sì ń gun ògiri lọ sókè. Ọmọ náà ti la ojú, ó ti pe ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tọ̀. Sekesai fi ọwọ́ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó gbẹ. Ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí oòrùn kù díẹ̀ lórí òrùlé, ó dìde.

“Mò ń lọ. Sístà ní kí n má dúró de ẹnikẹ́ni.”

Baba Mufaro mú ìgò, ó wọ bàtà láti bá a lọ. Sekesai bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ sẹ́yìn, ó fi aṣọ gbà á, ó ń so ó láyà. Lójijì, ó dúró bẹ́ẹ̀, bíbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ lára aṣọ.

“Kí ló dé?” ọkọ rẹ̀ béèrè.

Ohun kan tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ń ṣàn sí Sekesai lẹ́yìn, ó ń wọ̀ ọ́ láṣọ, ó ń kán sí gìgísẹ̀ rẹ̀.

Ambuya fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ìyá àgbà tí kì í pariwo yìí figbe ta. “Ó tọ̀! Ọmọ mi tọ̀ o! Ẹ wá wò ó, ó tọ̀!”

Ẹ ò rí ayọ̀ rí. Mai Tavengwa bú sórin láìdúró de ẹni tí yóò dá a. Mai Garikai jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń lu ilẹ̀. Àwọn aládùúgbò sáré wá, wọ́n rò pé ẹ̀rọ ti ń sun omi. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ń sun, wọ́n dúró, wọ́n sì bá wọn jó.

“Olùkọ́,” Ambuya wí, ojú rẹ̀ tutù, “mìlílítà mélòó nìyẹn?”

Baba Mufaro fi ọwọ́ kan aṣọ tútù náà. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Lẹ́yìn náà ó ní, “Màmá, kò ṣeé wọ̀n.”

Wọ́n ṣì gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì náà wò, ó sì ní kí wọ́n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, Mai Garikai ní kí Sekesai bọ́ aṣọ tí ọmọ tọ̀ sí, kí òun bá a fọ̀ ọ́.

Sekesai wò ó. Mai Garikai náà wò ó. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú. Omi wo?

Sekesai wọ aṣọ náà sùn. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ ń súfèé, mítà sì ń yí.

Ìwọ tí o bá mi dé ìhín, òùngbẹ kò ní gbẹ ọmọ rẹ lójú rẹ. Ẹni tí yóò na ìgò sí ọ lọ́jọ́ ìpọ́njú, Olúwa kò ní jẹ́ kó ṣìnà ilé rẹ. Omi tí ó mọ́ ni yóò máa gba ẹnu ọ̀nà rẹ wọlé, ẹni tí ó sì ń ka afẹ́fẹ́ sí ọ lọ́rùn, Ọba tí ń fi òṣùwọ̀n tòótọ́ wọ̀n yóò bá ọ ka tirẹ̀ fún un. Àmín.